Ẹni Tó Ń Sùn Lẹ́gbẹ̀ẹ́ Adágún Ìwẹ̀

Ìyá Ọgbà ni gbogbo òṣìṣẹ́ ń pè é, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò tíì darúgbó. Òun ni ọ̀gá ọgbà ìtura tó tóbi jù lọ nínú ìlú. Òun ló ń pín iṣẹ́ fún àwọn tó ń gé koríko, òun ló ń wo bẹ́ńṣì tó ti ya, jangirọ́fà tí ẹ̀wọ̀n rẹ̀ ti fẹ́ já, àti ọ̀nà ẹsẹ̀ tó gba inú igbó kékeré kọjá lọ sétí odò. Ẹni tó bá sọ ìdọ̀tí sílẹ̀ níṣojú rẹ̀, á ṣà á kó tó kúrò níbẹ̀. Àwọn òṣìṣẹ́ ní ojú rẹ̀ le ju àgádágodo ẹnu géètì lọ.

Àárọ̀ ọjọ́ kan tí ìrì ṣì wà lórí koríko ló rí ẹnì kan tó sùn sẹ́yìn adágún ìwẹ̀. Adágún náà ti gbẹ tipẹ́. Ìjọba ìlú ní apá àwọn ò ká a mọ́, ewé gbígbẹ ló wá kún inú rẹ̀. Ẹni náà fi kúbùsù bo orí, ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì wà níta. Ìyá Ọgbà ti la ẹnu láti jí i kó tó wo ẹsẹ̀ yẹn dáadáa. Ọmọ-ìka ẹsẹ̀ òsì ò sí níbẹ̀. Ìṣojú rẹ̀ ni búlọ́ọ̀kù já lu ìka náà nígbà tó wà ní kékeré. Ẹnu rẹ̀ pa dé fúnra rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni.

Kì í ṣe ẹ̀gbọ́n tí èèyàn ń pè bẹ́ẹ̀ torí ọ̀wọ̀. Ìyá kan náà, bàbá kan náà ló bí wọn. Nígbà tí àwọn òbí wọn kú, ọkùnrin yìí fi ilé ìwé sílẹ̀, ó lọ kọ́ṣẹ́ bíríkìlà, ó sì fi ọwọ́ tó ń po sìmẹ́ńtì tọ́ àbúrò rẹ̀ dàgbà. Ó máa ń fi ṣàwàdà pé, "Èmi ń kọ́lé, ìwọ ń kọ́ ìwé. Kíkọ́ ni gbogbo rẹ̀." Nígbà tó yá, pákó tó dúró lé já níbi tí wọ́n ti ń kọ́ ilé alájà kan, ó ṣubú, ó sì fi ẹ̀yìn gúnlẹ̀. Láti ọjọ́ náà kò lè gbé ohun tó wúwo mọ́. Ìyàwó rẹ̀ kú láìbímọ fún un, ló bá kó wá sọ́dọ̀ àbúrò rẹ̀.

Wọ́n jọ ń gbé pọ̀ láìsí ìjà, títí di ọjọ́ tí ẹ̀gbọ́n gbé ìkòkò kaná, tó sì gbàgbé rẹ̀ síbẹ̀. Ilé ìdáná jó. Àbígbẹ̀yìn Ìyá Ọgbà ń sùn nínú yàrá kejì, ará ilé kejì ló gba ojú fèrèsé gbé e jáde. Ọkọ rẹ̀, aránṣọ tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, sọ̀rọ̀ ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà. Ó ní bí ẹ̀gbọ́n ò bá kúrò nílé, òun àtàwọn ọmọ á kúrò. Ògiri létí. Kí ilẹ̀ tó mọ́, ẹ̀gbọ́n ti lọ, kò mú ju kúbùsù àti àpò ìkọ́lé rẹ̀ lọ. Wọ́n wá a títí, wọn ò rí i. Aránṣọ náà wá a pẹ̀lú wọn, àmọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ ń wọ́lẹ̀.

Ìgbà tí Ìyá Ọgbà wá rí i yìí, ó kúnlẹ̀ sórí ìrì.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ dìde ká lọ sílé."

Ọkùnrin náà ṣí kúbùsù lójú, ó wò ó, ó rẹ́rìn-ín díẹ̀. "Ilé wo? Ilé tí mo fẹ́ fi iná jó?"

"Ọmọ ò kú, ẹ̀gbọ́n mi."

"Ọmọ ò kú. Àmọ́ mi ò ní ojú tí mo lè fi wo bàbá ẹ̀."

Ó bẹ̀ ẹ́, kò gbà. Ẹ̀bẹ̀ yìí ló ń bẹ̀ lọ́wọ́ nígbà tó gbọ́ ohùn àwọn òṣìṣẹ́ tó ń wọlé ní géètì. Ó dìde, ó gbọn ìrì orúnkún rẹ̀ nù, ó sì sún sẹ́yìn, kí wọ́n má baà rí i níbi tó ti kúnlẹ̀ fún ẹni tó ń sun ìta. Ìtìjú ló ṣe é. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ rí i pé ìtìjú ló ṣe é, ó sì fa kúbùsù padà bojú.

Ní ọ̀sán ọjọ́ náà Ìyá Ọgbà mú kọ́kọ́rọ́ ilé tí àwọn olùwẹ̀ ti máa ń pààrọ̀ aṣọ wá fún un. Kò sẹ́ni tó ń wọ ibẹ̀ mọ́. Òrùlé rẹ̀ ò jò, bẹ́ńṣì gígùn kan sì wà níbẹ̀ tí èèyàn lè sùn lé. Ẹ̀gbọ́n fi okùn bàtà so kọ́kọ́rọ́ náà mọ́ ọrùn.

Bó ṣe di ará ọgbà nìyẹn. Ìgbà tí ẹ̀yìn bá gbà fún un, á gbé àpò ìkọ́lé rẹ̀, á tún òkúta ojú ọ̀nà tó ti yọ tẹ́, á fi ìṣẹ́kù sìmẹ́ńtì dí ibi tó ti sán lára àtẹ̀gùn. Àwọn òṣìṣẹ́ fẹ́ràn rẹ̀. Bàbá Kúbùsù ni wọ́n sọ ọ́. Ẹni tó sún mọ́ ọn jù ni awakọ̀ ẹ̀rọ ìgékoríko, tí wọ́n ń pè ní Pẹ́pẹ́yẹ torí pé bó bá ń rìn, ìdí rẹ̀ á máa lọ sọ́tùn-ún, á máa lọ sósì, tòun ti pé ara rẹ̀ kì í ṣe ti ẹni tó sanra. Àwọn méjèèjì jọ máa ń jẹun ọ̀sán lábẹ́ igi. Pẹ́pẹ́yẹ bi Ìyá Ọgbà lọ́jọ́ kan bóyá ó mọ àwọn ẹbí bàbá yìí, torí ó jọ ẹni tó níyì rí. Ó ní òun ò mọ̀ wọ́n. Ó sọ ọ́ kíá, bí ẹni tó ń dáhùn ìkíni, ó sì kọjá lọ.

Ṣùgbọ́n kò pẹ́ tí ẹ̀gbọ́n ò fi dá sùn nínú ọgbà mọ́. Ilé iṣẹ́ ìhunṣọ tó wà lápá ìsàlẹ̀ ìlú ti ilẹ̀kùn, àwọn tí wọ́n lé jáde nílé ayágbé sì ń kó wá díẹ̀díẹ̀. Wọ́n na ọ̀rá láàárín igi, wọ́n ń fọṣọ létí odò. Nígbà tó ṣe, iná tí ẹnì kan fi ń yá ara jó apá kan igbó, ọmọ kan tó ń ṣeré sì tẹ àfọ́kù ìgò mọ́lẹ̀. Àwọn tó ń gbé nítòsí fi ẹjọ́ sun ìjọba ìlú. Ọ̀rọ̀ náà ì bá máa falẹ̀ bí ọ̀rọ̀ ìjọba ṣe máa ń falẹ̀, bí kò bá ṣe pé eré ìje ńlá kan ń bọ̀, tí àwọn sárésáré láti ìlú mìíràn máa gba ojú ọ̀nà ẹsẹ̀ inú ọgbà.

Ọ̀gá àgbà tó ń rí sí gbogbo ọgbà àti pápá ìlú pe Ìyá Ọgbà sí ọ́fíìsì. Kì í ṣe èèyàn burúkú. Ó fún un ní àga, ó béèrè àlàáfíà àwọn ọmọ, kó tó sọ pé gbogbo ẹni tó ń sùn nínú ọgbà gbọ́dọ̀ jáde kó tó di ọjọ́ eré. Ìyá Ọgbà bi í pé níbo ni wọ́n máa lọ.

Ọ̀gá àgbà fi ọwọ́ pa ojú. "Ẹ gbọ́, màdámù. Koríko, ọ̀nà, bẹ́ńṣì, pápá ìṣeré, ohun tí wọ́n fi sí ìkáwọ́ wa nìyẹn. Àwọn èèyàn ò sí lábẹ́ wa."

Ọ̀rọ̀ kan wà lẹ́nu Ìyá Ọgbà tí ì bá sọ, pé ọ̀kan nínú àwọn èèyàn yẹn bá òun mu ọmú kan náà. Ó ní òun ti gbọ́, ó sì jáde.

Nílé, ó fi ẹkún sọ gbogbo rẹ̀ fún ọkọ rẹ̀. Aránṣọ náà dá ẹ̀rọ dúró. Ó ní láti ọjọ́ tí ẹ̀gbọ́n ti lọ ni ohun tí òun sọ ti ń dun òun, pé òun kàn ń retí kí ẹnì kan fa òun lọ́wọ́ ni. Ó ní kó mú un wá láàárọ̀ ọ̀la. Yàrá tó wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù òun á gbà á, kò síná níbẹ̀, kò sọ́mọ níbẹ̀. Ìyá Ọgbà sùn dáadáa lọ́jọ́ náà.

Ó tètè jí, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ máa sáré dé ọgbà. Ṣùgbọ́n àwọn kan ti tètè jí jù ú lọ. Ọkọ̀ akẹ́rù méjì ti wà lẹ́nu géètì, àwọn ọlọ́pàá ti wọlé, ọ̀gá àgbà fúnra rẹ̀ wà níbẹ̀. Wọ́n ti tú ọ̀rá ká, àwọn obìnrin ń kó ẹrù sórí, kò sẹ́ni tó ń pariwo. Wọ́n ti mú ẹ̀gbọ́n jáde látinú ilé ìpààrọ̀-aṣọ. Ó dúró lórí ẹsẹ̀ lásán, kúbùsù wà léjìká rẹ̀, kọ́kọ́rọ́ wà lọ́rùn rẹ̀.

Ọ̀gá àgbà na ìka sí kọ́kọ́rọ́ náà. "Ta ló fún yín ní èyí?"

Ìgbà yẹn ni Ìyá Ọgbà dé ẹ̀yìn àwọn òṣìṣẹ́. Ẹ̀gbọ́n gbójú sókè, ojú wọn ṣe mẹ́rin.

"Mo jí i ni," ó wí.

"Níbo lẹ ti jí i?"

"Lára ìṣó tí wọ́n fi kọ́ ọ." Ó fi àgbọ̀n júwe Ìyá Ọgbà. "Ẹ má bi màdámù yìí, kò mọ̀ mí rí. Èmi náà ò mọ̀ ọ́n."

Ohùn rẹ̀ balẹ̀ nígbà tó ń sọ ọ́. Ó bọ́ kọ́kọ́rọ́ lọ́rùn, ó fi lé ọ̀gá àgbà lọ́wọ́. Ìyá Ọgbà mọ̀ pé ìṣẹ́jú yẹn lòun ní láti sọ̀rọ̀. Ó mọ̀ ọ́n bí èèyàn ṣe ń mọ̀ pé iná ń jó òun. Ṣùgbọ́n ó ro iṣẹ́, ó ro ojú àwọn òṣìṣẹ́ tó ti parọ́ fún, ó sì sọ fún ara rẹ̀ pé bí ọkọ̀ bá já wọn sílẹ̀, òun á tẹ̀ lé e, òun á mú un lọ sílé láìsí ariwo. Ó dúró. Pẹ́pẹ́yẹ ló ran ẹ̀gbọ́n lọ́wọ́ gun ọkọ̀, torí ẹ̀yìn ò jẹ́ kó lè gbé ẹsẹ̀ sókè.

Kí ọ̀gá àgbà tó dá Ìyá Ọgbà sílẹ̀ lẹ́yìn àyẹ̀wò ọgbà, ọkọ̀ ti lọ, ó ti padà. Awakọ̀ ní òdìkejì afárá ńlá, lẹ́yìn ìlú, lòun já wọn sí. Ìyá Ọgbà àti ọkọ rẹ̀ lọ síbẹ̀. Wọ́n bá obìnrin kan tó jókòó ti ẹrù rẹ̀, ó ní Bàbá Kúbùsù ò tilẹ̀ jókòó, pé bó ṣe sọ̀ kalẹ̀ ló ti kọjú sí ọ̀nà ìlú, ó ń fẹsẹ̀ rìn. Wọ́n wá a ní ọ̀nà méjèèjì. Òjò bẹ̀rẹ̀, kò sì dá títí di ọjọ́ eré.

Láàárọ̀ ọjọ́ náà, wọ́n rán Pẹ́pẹ́yẹ lọ gbá ewé kúrò lójú afárá onípákó tó wà lójú ọ̀nà ẹsẹ̀. Ó padà wá láìmú ìgbálẹ̀ lọ́wọ́. Ó ní kí Ìyá Ọgbà máa bọ̀.

Ẹ̀gbọ́n wà lábẹ́ afárá, níbi tí ilẹ̀ ti gbẹ díẹ̀. Ó ká kò, kúbùsù tutù rin mọ́ ọn lára. Ó ti kú. Gbogbo ọ̀nà yẹn ló fi ẹsẹ̀ rìn padà, bóyá torí pé kò ní ibòmíràn tó mọ̀.

Ọ̀gá àgbà náà dé. Ojú rẹ̀ bà jẹ́ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó ń wo aago. Ó ní àwọn sárésáré ò ní pẹ́ dé, kí wọ́n fi ọ̀rá bò ó ná, kí wọ́n gbé e kúrò tí wọ́n bá kọjá tán. Ó bi wọ́n bóyá ẹnikẹ́ni mọ ẹbí rẹ̀.

"Èmi ni," Ìyá Ọgbà wí. "Ẹ̀gbọ́n mi ni. Ọmọ ìyá mi ni. Èmi ni mo fún un ní kọ́kọ́rọ́."

Ó wọ abẹ́ afárá, ó jókòó sínú ẹrẹ̀, ó gbé orí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lé itan. Wọ́n ní kó jáde, kò jáde. Nígbà tó yá, àwọn sárésáré dé. Wọ́n ń gba orí wọn kọjá, pákó ń mì, ìyanrìn ń já bọ́ sí wọn lára. Àwọn èèyàn ń pàtẹ́wọ́ lókèèrè. Títí ẹni ìkẹyìn fi kọjá, ó ń fi ọwọ́ gbá ìyanrìn kúrò lójú òkú.

Itẹ́ òkú ìlú ni wọ́n sin ín sí. Aránṣọ rán aṣọ tí wọ́n fi sin ín, kò jẹ́ kí ẹlòmíràn fọwọ́ kan án. Ìjọba ò lé Ìyá Ọgbà lẹ́nu iṣẹ́. Wọ́n kàn gbé e lọ sí ọgbà kékeré kan lẹ́bàá ojú irin, níbi tí bẹ́ńṣì méjì péré wà.

Kó tó kúrò, Pẹ́pẹ́yẹ bá a kó ẹrù dé géètì. Àtìgbà tí nǹkan náà ti ṣẹlẹ̀, kò tíì bá a sọ̀rọ̀ kọjá ti iṣẹ́. Ó gbé páálí rẹ̀ sílẹ̀, ó bọ́ fìlà.

"Ìyá Ọgbà, kí ló dé tẹ́ ò sọ fún wa? Èmi nìkan ni mò ń gbé. Yàrá méjì ni mo ní."

Ìyá Ọgbà gbé páálí náà fúnra rẹ̀. Pẹ́pẹ́yẹ dé fìlà rẹ̀ padà, ó sì lọ tan ẹ̀rọ.