Kẹ́nẹ̀lì Tí Yóò Bá Kọ̀ǹpútà Bàbá Mu

Ẹni tó bá fẹ́ mọ bí sùúrù òun ṣe tó, kó jókòó síwájú kọ̀ǹpútà, kó ní òun fẹ́ fọwọ́ ara òun to kẹ́nẹ̀lì Linux, ètò ọ̀fẹ́ kan tí ẹnikẹ́ni lè tún tò. Kẹ́nẹ̀lì ni igi lẹ́yìn ọgbà gbogbo ohun tí kọ̀ǹpútà ń ṣe. Òun ló ń bá ọpọlọ ẹ̀rọ sọ̀rọ̀, òun ló ń bá díìsìkì sọ̀rọ̀, òun náà ló ń gbọ́ ohun tí ìka ń tẹ̀. Ṣùgbọ́n kó tó gbà láti ṣiṣẹ́ fún èèyàn, yóò kọ́kọ́ bi í ní ìbéèrè, ìbéèrè náà kì í sì í ṣe mẹ́wàá tàbí ọgọ́rùn-ún. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ni. Ṣé irú ọpọlọ báyìí wà níbẹ̀? Ṣé irú káàdì báyìí wà níbẹ̀? Ẹ̀rọ kan tí wọn ò ṣe mọ́ láti ogún ọdún sẹ́yìn ńkọ́? Ìdáhùn mẹ́ta ló gbà: bẹ́ẹ̀ ni, rárá, tàbí "tọ́jú rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan di ìgbà tí mo bá nílò rẹ̀." Láti Ọjọ́bọ̀ ni ọmọbìnrin tí gbogbo ilé ń pè ní Ẹ̀ńjíníà ti ń dáhùn. Ó ti di Sátidé báyìí, aago mẹ́sàn-án àárọ̀, ojú rẹ̀ ti pọ́n, kò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni tún bi òun ní ohunkóhun mọ́ láyé.

Kọ̀ǹpútà náà kì í ṣe tirẹ̀. Ti Bàbá ni. Onígbàǹjo ni Bàbá fún ọdún mọ́kàndínlógójì. Ẹnu ló fi kọ́lé, ẹnu ló fi rán ọmọ méjì níléèwé, bó bá sì gun orí àpótí tó bẹ̀rẹ̀ sí í polówó, ẹni tó wá ra àga kan á ru tábìlì mọ́ ọn lọ sílé. Lọ́dún tó kọjá ni àìsàn rọpárọsẹ̀ dé. Ó mú ẹsẹ̀ kan, ó mú ọwọ́ ọ̀tún, ó sì gba ohùn lọ́wọ́ rẹ̀ pátápátá. Orí rẹ̀ náà ò dúró jẹ́ẹ́ mọ́: bí wọ́n bá bi í pé ṣé ebi ń pa á, orí á mì, bí wọ́n bá bi í pé ṣé ó ti yó, orí á mì. Ilé ìwòsàn ló fún un ní kọ̀ǹpútà àtijọ́ kan, pẹ̀lú kíbọ́ọ̀dù onílẹ́tà ńláńlá tí wọ́n dè mọ́ apá àga rẹ̀. Ìka kan ni Bàbá fi ń tẹ̀ ẹ́, kọ̀ǹpútà á sì ka ohun tó bá tẹ̀ sókè.

Wàhálà ibẹ̀ ni pé ẹ̀rọ náà ti gbó, kẹ́nẹ̀lì tí wọ́n fi sínú rẹ̀ sì jẹ́ ti gbogboogbò, ó ru ẹrù gbogbo kọ̀ǹpútà ayé sórí. Bàbá á tẹ "ẹ káàárọ̀," ohùn á sì jáde nígbà tí ẹni tó ń kí ti dé ibi iṣẹ́.

Bí kì í bá ṣe ọ̀rọ̀ ilé, wọn ì bá máa fara dà á bẹ́ẹ̀. Ẹ̀gbọ́n Ẹ̀ńjíníà ọkùnrin, tí wọ́n ń pè ní Alákòóso nítorí pé láti kékeré ló ti ń ṣètò ayé ẹni ẹlẹ́ni, fẹ́ kí wọ́n ta ilé Bàbá, kí Bàbá wá máa gbé lọ́dọ̀ òun. Ẹ̀ńjíníà ní kò sóhun tó jọ ọ́. Bàbá ò ní kúrò nínú ilé tó fọwọ́ ara rẹ̀ kọ́, òun lòun á sì máa tọ́jú rẹ̀ níbẹ̀. Lọ́yà ìdílé wá lọ́sẹ̀ tó kọjá láti gbọ́ tẹnu Bàbá. Kọ̀ǹpútà ń fa ẹsẹ̀, wọ́n bá kọ lẹ́tà sára páálí kan kí Bàbá máa tọ́ka sí i. Bó bá tọ́ka sí lẹ́tà méjì, Alákòóso á ti ka ọ̀rọ̀ kan jáde, Ẹ̀ńjíníà á ti ka òmíràn, wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í jà. Lọ́yà ká ìwé rẹ̀.

"Mò ń padà bọ̀ ní Sátidé, aago mẹ́rin," ni lọ́yà wí. "Ohun tí Bàbá bá fúnra wọn sọ ni màá kọ. Bí wọn ò bá rí i sọ, ẹ̀gbọ́n ni ilé ìwòsàn kọ orúkọ wọn sílẹ̀ ní aṣojú, ohun tí wọ́n bá fọwọ́ sí ló máa dúró."

Ìdí nìyẹn tí Ẹ̀ńjíníà fi ní òun á to kẹ́nẹ̀lì tuntun, èyí tó máa gbé kìkì ohun tó wà nínú kọ̀ǹpútà Bàbá, tí yóò sì fúyẹ́. Èrò náà dára. Ohun tí kò dára ni pé díìsìkì ẹ̀rọ náà kéré, kò sì gba kẹ́nẹ̀lì méjì, ló bá pa ti àtijọ́ rẹ́ kó tó dán tuntun wò. Ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ tó ti ń tún kọ̀ǹpútà ṣe, bí oníbàárà bá ṣe irú ẹ̀, yóò bá a wí títí ilẹ̀ á fi ṣú. Ọ̀bẹ kì í mú kó gbẹ́ èkù ara rẹ̀. Àwọn tó ń ṣe ti àtijọ́ náà ti pa irú ọpọlọ bẹ́ẹ̀ tì, kò sì sí ibi tó ti lè rí òmíràn gbà.

Orí kọ̀ǹpútà tirẹ̀ ló ti ń kọ́ kẹ́nẹ̀lì náà, nítorí ti Bàbá á fi odindi ọjọ́ kan kọ́ ọ. Bó bá kọ́ ọ tán, á tú ìdérí ẹ̀yìn kọ̀ǹpútà Bàbá, ìdè onírin mẹ́rin, á yọ díìsìkì, á so ó mọ́ ti òun, á da kẹ́nẹ̀lì sí i, á dá a padà, á dè é. Bàbá jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, ó ń wò ó, ó ń fi ọwọ́ òsì gbá apá àga.

"Mo ti gbọ́, Bàbá. Kò sẹ́ni tó máa ta ilé yín," ni Ẹ̀ńjíníà wí láìwẹ̀yìn.

Bàbá tún gbá apá àga.

Ó tan ẹ̀rọ. Ojú rẹ̀ dúdú. Ó dúró, ó kà dé ọgọ́ta, ojú náà ṣì dúdú, kò tilẹ̀ sọ pé nǹkan kan ń ṣe òun. Wákàtí kan gbáko ló fi yẹ gbogbo ìdáhùn rẹ̀ wò kó tó rí i. Nígbà tí kẹ́nẹ̀lì bi í pé irú ọpọlọ wo ni kí òun bá mu, ó ti dáhùn pé, "èyí tó wà nínú ẹ̀rọ yìí." Ẹ̀rọ yìí wo? Èyí tó jókòó síwájú rẹ̀ nígbà náà ni, tirẹ̀ tuntun, alágbára. Ó ti rán aṣọ sí ìwọ̀n ara òun, ó wá ń bínú pé kò wọ Bàbá. Ó ṣépè fún ara rẹ̀ díẹ̀, ó yan ọpọlọ tó tọ́, ó sì tún un kọ́.

Ìdè mẹ́rin tú. Ìdè mẹ́rin padà. Lọ́tẹ̀ yìí, ẹ̀rọ jí, ọ̀rọ̀ funfun ń sáré lójú rẹ̀, Ẹ̀ńjíníà sì ti fẹ́ rẹ́rìn-ín. Ó dúró gbagidi. Ohun tó kọ síbẹ̀ kò ju pé òun ò rí díìsìkì kankan. Kàkà kí ewé àgbọn dẹ̀, líle ló ń le sí i.

Àsìkò yẹn gan-an ni Alákòóso wọlé pẹ̀lú fáìlì lábíyá. Aago kan ọ̀sán ti lù.

"Ṣé ò tíì tán?" ló bi í.

"Kò tíì tán, Ẹ̀gbọ́n."

"Kí ló ń ṣe é?"

"Ohun tó máa fi ka díìsìkì, mo ní kó tọ́jú ẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Orí díìsìkì ló tọ́jú ẹ̀ sí."

Alákòóso rò ó díẹ̀. "Ìyẹn ni pé o ti kọ́kọ́rọ́ mọ́nú yàrá."

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"Ìwọ tí wọ́n ń sanwó fún."

Ohun tó dun Ẹ̀ńjíníà jù ni pé àlàyé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ pé, kò sì fẹ́ kó pé. Ó yí ìdáhùn náà sí "bẹ́ẹ̀ ni," ó tún un kọ́. Bàbá ti fi lílù sílẹ̀, ó kàn ń wo àwọn méjèèjì báyìí.

"Bàbá, ẹ má yọ ara yín lẹ́nu," ni Alákòóso wí, ó fa àga súnmọ́ ọn. "Yàrá yín ti wà ní sẹpẹ́ lọ́dọ̀ mi. Mo ti kùn ún."

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, wọn ò bá yín lọ síbì kankan."

"Ta ló sọ fún ẹ?"

"Mo mọ bàbá mi."

"Èmi ò mọ̀ wọ́n? Ta lo bá nínú ilé?"

Wọ́n bá a lọ bẹ́ẹ̀ títí kẹ́nẹ̀lì fi kọ́ ara rẹ̀ tán. Nígbà tó di aago mẹ́ta kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá, kọ̀ǹpútà Bàbá jí, kò dúró lójú ọ̀nà, ó dé ibi tí wọ́n ti ń kọ̀wé kí èèyàn tó ka ogún. Tẹ́lẹ̀ rí, èèyàn á wẹ̀ kó tó débẹ̀. Ẹ̀ńjíníà jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó mí kanlẹ̀.

"Ẹ tẹ nǹkan kan, Bàbá."

Bàbá tẹ̀. Kò sóhun tó hàn. Ó tún tẹ̀, ó fi ìka náà gún un bí ẹni ń gún ata, ojú ẹ̀rọ ń wò ó báyìí. Kíbọ́ọ̀dù náà ti àtijọ́ ni, ẹnu wáyà rẹ̀ rí roboto, ihò rẹ̀ ò sì sí lára kọ̀ǹpútà ìgbàlódé kankan. Nígbà tí kẹ́nẹ̀lì béèrè rẹ̀ lọ́jọ́ Ẹtì, Ẹ̀ńjíníà ti rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ta ló ṣì ń lo irú èyí?" ó sì dáhùn pé rárá. Bàbá rẹ̀ ló ń lò ó. Ẹni tó tìtorí ẹ̀ ṣe gbogbo iṣẹ́ náà gan-an ló gbàgbé láti bi léèrè. Omi bọ́ lójú rẹ̀, inú ló sì ń bí i, kì í ṣe àánú.

"Orí bíbẹ́ kọ́ loògùn orí fífọ́," ni Alákòóso wí.

"Ẹ̀gbọ́n, bẹ́ ẹ bá tún sọ̀rọ̀ kan sí i, díìsìkì yìí ni màá sọ lù yín." Ó yí rárá yẹn sí bẹ́ẹ̀ ni, ó sì tún un kọ́; èyí ò pẹ́ bíi ti tẹ́lẹ̀, nítorí apá kékeré kan péré ló yí padà.

Lọ́yà dé ní aago mẹ́rin gééré, ó bá Ẹ̀ńjíníà lórí ìkúnlẹ̀ níbi tó ti ń de ìdè kẹrin. Ó jókòó, ó yọ bíírò. Alákòóso ṣí fáìlì rẹ̀, ó fi ìka tọ́ka sí ibi tí òun máa fọwọ́ sí. Ẹ̀rọ jí.

"Bàbá," ni lọ́yà wí, "ọ̀rọ̀ ilé yín ni. Kí lẹ fẹ́ ká ṣe?"

Bàbá na ìka rẹ̀. Lẹ́tà kìíní yọ lójú ẹ̀rọ bó ṣe tẹ̀ ẹ́ gan-an, ohùn inú àpótí sì ń tẹ̀lé ìka rẹ̀ láìfi àkókò ṣòfò.

"Ẹ tà á."

Alákòóso rọra gbé fáìlì rẹ̀ síwájú lọ́yà. Ẹ̀ńjíníà dìde lórí ìkúnlẹ̀. Ọjọ́ mẹ́ta, ìdè tí kò mọye ìgbà tóun tú, ohùn tóun fi òógùn ojú wá padà, ohun tí Bàbá fẹ́ fi sọ nìyẹn? Ó dùn ún débi pé ó la ẹnu.

"Bàbá, ohun tẹ́ ẹ ní lọ́kàn ni pé—"

Lọ́yà gbọ́wọ́ sókè. Bàbá ò tíì gbé ìka rẹ̀ kúrò.

"Mi ò bá ẹnikẹ́ni nínú yín gbé. Ẹ gba yàrá ìsàlẹ̀ kan fún mi lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọgbà ìgbàǹjo. Mo fẹ́ máa gbọ́ bí wọ́n ṣe ń polówó."

Alákòóso fa fáìlì rẹ̀ padà. Lọ́yà ń kọ ọ́ sílẹ̀ ní ọ̀rọ̀-sí-ọ̀rọ̀, lẹ́yìn náà ló gbójú sókè.

"Bàbá, ẹ dákun, kí ló dé tẹ́ ò sọ fáwọn ọmọ yín látọjọ́ yìí?"

Ìka Bàbá padà sórí lẹ́tà. Ohùn àpótí náà, tí kò mọ ìbínú, tí kò sì mọ ẹ̀rín, sọ pé:

"Mo ti ń sọ ọ́ látọdún tó kọjá. Wọn ò jẹ́ kí n parí ẹ̀ rí."

Ẹ̀ńjíníà ní àlàyé tó pọ̀ lẹ́nu, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ náà ní tirẹ̀, ó sì hàn lójú àwọn méjèèjì. Ṣùgbọ́n Bàbá ti tẹ lẹ́tà kan sí i, ó ń wá èyí tó kàn. Wọ́n jókòó, wọ́n sì ń dúró dè é.