Ìṣẹ́jú Kan fún Àádọ́rin Akọrin

Ọpẹ́ àárọ̀ ló kó bá Akínsànyà. Ìsìkàn ní Àkúrẹ́ ló ti ń kọ ètò kọ̀ǹpútà jẹun. Òun ló ṣe èyí tó ń fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ fúnra rẹ̀ sí àwọn akọrin ṣọ́ọ̀ṣì bàbá rẹ̀ ní Oǹdó, láago mẹ́fà àárọ̀ Sátidé, láti sọ ibi tí ìdánrawò yóò ti wáyé. Kọ̀ǹpútà tó háyà lórí íńtánẹ́ẹ̀tì ló ń lò, àwọn tó ni ín sì ní òfin: irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ kò gbọdọ̀ ju ìṣẹ́jú kan lọ. Bó bá ju bẹ́ẹ̀, wọn á dá a dúró láìkìlọ̀.

Àwọn àgbà ẹgbẹ́ ní kò gbọdọ̀ to orúkọ ní á-bí-dí. Àgbà ni kó ṣíwájú. Bàbá rẹ̀, Bàbá Silas, alága akọrin, ló wà lókè pátápátá. Ẹ̀bùnolúwa, ọmọ ogún ọdún tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ ẹgbẹ́, ló kẹ́yìn. Kí aago mẹ́fà tó lù tán, bàbá á ti pè: “Akin, mo ti rí i o. O ṣeun.” Ọmọ á rẹ́rìn-ín, á padà sùn. Ọgbọ̀n ni wọ́n nígbà tó kọ́kọ́ ṣe ètò náà. Wọ́n ti di àádọ́rin báyìí.

Lọ́jọ́ Jímọ̀ kan, bàbá pè é, ó ní àwọn yóò yọ Ẹ̀bùnolúwa kúrò nínú ẹgbẹ́ lọ́la. Ó ti pa ìdánrawò mẹ́ta jẹ.

“Ó ní òun ò rí àtẹ̀jíṣẹ́. Irọ́ gbuu! Èmi tí mo ń fi awò wo fóònù rí i, òun ò rí i!”

Ara fu Akínsànyà. Ó wo àkọsílẹ̀ kọ̀ǹpútà. Oṣù méjì gbáko, lẹ́yìn orúkọ karùndínláàádọ́ta ni iṣẹ́ náà ń dúró, nítorí ìṣẹ́jú kan ti pé. Àwọn yòókù tó wà nísàlẹ̀ ń bi àwọn tó rí i gbà léèrè ibi ìdánrawò. Ẹ̀bùnolúwa tó jẹ́ àlejò kò mọ ẹni tí yóò bi. Ojú ti Akínsànyà gan-an; ọpẹ́ bàbá rẹ̀ ni kò jẹ́ kó ti wò ó tẹ́lẹ̀. Ó pín iṣẹ́ náà sí mẹ́rin, kí ọ̀kọ̀ọ̀kan máa bẹ̀rẹ̀ níbi tí èyí tó ṣáájú rẹ̀ parí sí. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ó wọ mọ́tò lọ sí Oǹdó.

Ó dọ̀bálẹ̀ níwájú gbogbo akọrin. “Ẹ jọ̀ọ́, ọmọ yìí ò purọ́. Èmi ni mo jẹ̀bi. Èèyàn mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n ni kò rí nǹkan kan gbà.”

Ẹ̀bùnolúwa bú sẹ́kún. Bàbá Silas dìde, ó rìn lọ bá a.

“Ọmọ mi, mo pè ọ́ ní òpùrọ́. Jọ̀ọ́, má bínú.” Ó yíjú sí ọmọ rẹ̀. “Akin, kó orúkọ mi lọ sísàlẹ̀ pátápátá.”

“Kí alága máa kẹ́yìn ọmọdé kẹ̀?” Ìyá Mary, igbákejì rẹ̀, ló pariwo bẹ́ẹ̀.

“Bẹ́ẹ̀ ni,” Bàbá Silas dáhùn. “Ìgbà tí àtẹ̀jíṣẹ́ bá kàn mí, ó ti kan gbogbo yín.”