Ta Ló Lẹsẹ̀ Kẹta?

Láàárọ̀ ọjọ́ tí àwọn ìwé tuntun dé, inú Olóòtú dùn débi pé ó ń fò lórí àtẹ̀gùn bí ọmọ tí wọ́n ní kó má lọ síléèwé mọ́. Yàrá mẹ́ta péré ni ilé-iṣẹ́ wọn, lókè ṣọ́ọ̀bù ọkùnrin kan tó ń tún aago ṣe. Páálí márùn-ún ló dí ẹnu ọ̀nà pa. Ọ̀gá wọn, ọkùnrin sísanra kan tí omijé kì í jìnnà sí ojú rẹ̀, ìbáà jẹ́ ti ayọ̀ tàbí ti ìbànújẹ́, ti ya páálí àkọ́kọ́, ó sì ti ki imú bọ inú rẹ̀.

"Ẹ wá gbọ́ òórùn!" ó ń pariwo látinú páálí. "Tí wọ́n bá lè rọ òórùn ìwé tuntun sínú ìgò, òun ni mà á máa fi para!"

Ìwé márùn-ún ni wọ́n ṣe lọ́dún náà, ti ọmọdé sì ni gbogbo wọn. Èyí tó tóbi jù nípọn bí búrẹ́dì: ìtàn ọmọbìnrin kan tó ń wá olè tó ń jí kẹ̀kẹ́ kó ládùúgbò, fún àwọn ọmọ ọdún mẹ́sàn-án sí méjìlá tí wọ́n rò pé àwọn ti dàgbà tán. Ọ̀kan wà fún ọmọ ọdún méje, méjì wà fún àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dá álífábẹ́ẹ̀tì mọ̀. Èyí tó kéré jù, tí ojú-ewé rẹ̀ le bíi páálí, jẹ́ ti àwọn tí wọ́n kọ́kọ́ máa ń fi ẹnu ka ìwé kí wọ́n tó fi ojú kà á.

Èyí tó kéré jù yìí ló ń mú Olóòtú fò. Ìyá rẹ̀ ló ya àwòrán inú rẹ̀. Ogójì ọdún ni màmá fi ránṣọ, Ìyá Alábẹ́rẹ́ ni gbogbo àdúgbò sì ń pè é títí dòní. Ìgbà tí ẹ̀yìn kò gba ẹ̀rọ mọ́ ló gbé pẹ́ńsù. Ẹni ọdún mẹ́rìndínláàádọ́rin ni, ìwé rẹ̀ àkọ́kọ́ nìyí: adìẹ kan tó rìn jáde láàárọ̀, tó kiri títí, tó sì padà sílé wá sùn.

Olóòtú jókòó, ó ń ṣí i lọ, ó ń rẹ́rìn-ín. Adìẹ lábẹ́ igi. Adìẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ apẹ̀rẹ̀. Ó dé ojú-ewé kẹfà, níbi tí adìẹ ti ń mu omi, ẹ̀rín náà sì há sí i lẹ́nu bí ẹran tó há séyín.

Ẹsẹ̀ mẹ́ta ni adìẹ ní.

Ó bọ́ gíláàsì, ó nù ún, ó tún kà á. Mẹ́ta ni. Méjì dúró dáadáa níwájú, ẹ̀kẹta yọ lẹ́yìn, tẹ́ẹ́rẹ́, ó pupa rẹ́súrẹ́sú, ó ṣe kedere bí ọ̀sán.

"Mo gbé!" Olóòtú ní. "Ọ̀gá, ẹ wá wò ó o."

Ọ̀gá wò ó. Ó ka ẹsẹ̀ náà pẹ̀lú ìka. Ó wo páálí. Ó wo Olóòtú.

"Ẹgbẹ̀rún méjì ẹ̀dà la tẹ̀," ó rọra sọ. "Ẹgbẹ̀rún méjì adìẹ. Ẹgbàáta ẹsẹ̀!" Ni ẹ̀rín bá gbé e. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi gbá páálí mú, bó ṣe ń rẹ́rìn-ín ni omijé ń bọ́ lójú rẹ̀.

Olóòtú ò rẹ́rìn-ín. Ojú màmá ló ń rò. Oṣù tó kọjá, níṣojú rẹ̀, màmá kí ère kan tí wọ́n gbé aṣọ wọ̀ níwájú ṣọ́ọ̀bù, ó béèrè àwọn ọmọ lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì bínú pé kò dáhùn. Ṣé ojú ọ̀hún ti bàjẹ́ tó báyìí ni? Wọ́n ṣáà ti pe àwọn ọmọ jọ sí ilé-ìkàwé, ọ̀sán òní ni wọ́n fẹ́ ṣí àwọn ìwé fún wọn, màmá náà sì ń bọ̀ wá jókòó wo iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀.

"Ọ̀gá, mo bẹ̀ yín, ẹ má jẹ́ kí màmá mi mọ̀."

"Fọkàn balẹ̀," Ọ̀gá ní, ó ń nu ojú. "Ta ló máa ka ẹsẹ̀ adìẹ? Ṣé ọmọ ọdún méjì mọ ìṣirò ni?"

Ilé-ìkàwé náà ò tóbi, ṣùgbọ́n lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn, bí èèyàn bá ju abẹ́rẹ́ sókè, kò ní í rí ilẹ̀ bọ́ sí. Obìnrin tó ń tọ́jú ibẹ̀ ti tẹ́ ẹní síwájú, lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn páálí ìwé tí wọ́n kó wá, fún àwọn ọmọ wẹ́wẹ́, àwọn tó tó ọmọ ọdún mẹ́fà sí méje wà lórí àga kéékèèké, àwọn àgbà ọmọ sì fara ti àwọn pẹpẹ ìwé bí ẹni pé wọ́n kàn ń kọjá ni. Màmá dé nínú aṣọ tó fọwọ́ ara rẹ̀ rán. Ó kọ àga àgbà, ó lọ jókòó lórí àga ọmọdé lẹ́yìn pátápátá, orúnkún rẹ̀ ga dé àgbọ̀n.

Olóòtú ti gbèrò: àtàǹpàkò ni. Tó bá dé ojú-ewé kẹfà, á fi àtàǹpàkò bo ẹsẹ̀ kẹta mọ́lẹ̀, á yára ka ọ̀rọ̀ ibẹ̀, á ṣí i kọjá. Ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta péré.

Ó ń kà á lọ, ohùn rẹ̀ dùn. "Adìẹ jáde. Adìẹ dé ìdí igi." Àwọn ọmọ ń gbe adìẹ lẹ́nu: kọ́ọ̀kọ́ọ̀kọ́ọ̀! Ó ṣí ojú-ewé kẹfà, ó fi àtàǹpàkò tẹ ẹsẹ̀ mọ́lẹ̀. "Adìẹ mu omi."

Ọmọbìnrin kan wà níwájú, kò tíì pé ọdún mẹ́ta. Ìjọba ni wọ́n ń pè é nílé, nítorí ohun tó bá ti sọ, òfin ni. Ìjọba dìde. Ó rìn gbọ̀ngbọ̀n wá sídìí ìwé, ó tẹjú mọ́ àtàǹpàkò yẹn, ó sì fi ọwọ́ méjèèjì dì í mú.

"Ọwọ́ kúrò," ó ní.

"Ó tó, ọmọ dáadáa. Lọ jókòó."

"Ọwọ́ kúrò!"

Wọ́n wọ ìjàkadì. Olóòtú ń tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, Ìjọba ń fà á sókè, ó fi ẹsẹ̀ kan ti orúnkún Olóòtú kó lè rí agbára. Àwọn ọmọ yòókù ń patẹ́wọ́ fún un. Níkẹyìn Ìjọba rántí eyín rẹ̀. Olóòtú ké "Yéè!", àtàǹpàkò sì kúrò.

Ìjọba fi ìka kan kàn án lọ́kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lú sùúrù ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ́ ọ lọ́sẹ̀ tó kọjá. "Ení. Èjì." Ó mí kanlẹ̀. "Ẹ̀TA!"

Ilé dàrú. Gbogbo wọn ya bo ìwé náà. Àwọn tí kò ráyè já ẹ̀dà tiwọn gbà látinú páálí.

"Ẹsẹ̀ àpamọ́ ni!" ọmọ ọdún méje kan pariwo. "Bíi táyà tó wà lẹ́yìn mọ́tò!"

"Irọ́ ni! Ewúrẹ́ ló fẹ́ dà. Ó ku ẹyọ kan!"

"Ìrù ni, ẹ̀yin ò mọ ìrù?"

Nígbà náà ni ọmọ ọdún mọ́kànlá kan, Onígíláàsì, kúrò lára pẹpẹ. Ó ti wà ní orí kẹrin ìwé olè kẹ̀kẹ́ láti ìgbà tí wọ́n ti ṣí páálí, ìwé náà sì ti wọ̀ ọ́ lára. Ó fi pẹ́ńsù há etí.

"Kí ẹnikẹ́ni má kúrò nínú yàrá yìí," ó ní. "Ta ló ya àwòrán yìí?"

Olóòtú la ẹnu láti gba ẹ̀bi náà rù. Kó tó sọ̀rọ̀, ohùn kan dún lẹ́yìn.

"Èmi ni. Kí ló dé?"

Onígíláàsì lọ síwájú màmá, ó kúnlẹ̀, ó tún yára dìde kí ìwádìí má bàa tutù. "Ẹ káàsán mà. Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹsẹ̀ mélòó ni adìẹ máa ń ní?"

"Méjì."

"Tinú ìwé yín ńkọ́ mà?"

"Méjì náà ni. Ara adìẹ mi le."

"Ẹ̀kẹta yìí wá ńkọ́?"

"Ẹ̀n-ẹ́n." Màmá tún ara rẹ̀ tò lórí àga. "Ta ló sọ fún ọ pé ti adìẹ ni?"

Gbogbo orí tún tẹ̀ mọ́ ìwé. Olóòtú alára gbàgbé àtàǹpàkò tó ń ta á.

"Ẹnì kan wà lẹ́yìn rẹ̀!" Onígíláàsì kígbe.

Ibẹ̀ ni eré ti bẹ̀rẹ̀. Àwọn ọmọ dojúbolẹ̀ lórí ẹní, àgbà pẹ̀lú kékeré, wọ́n ń tú ìwé bí adìẹ ṣe ń tú ààtàn. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ apẹ̀rẹ̀, wọ́n rí ìyẹ́ kan tó yọ. Nínú koríko, ojú méjì rèé! Lábẹ́ géètì, ẹnu ṣóńṣó kan! Bí wọ́n bá ti rí ọ̀kan, igbe á ta. Ọ̀gá náà ti wà nílẹ̀ láàárín wọn, ikùn rẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ lórí ẹní, ó ń ké "Mo rí i! Mo rí i!" ju gbogbo wọn lọ, bẹ́ẹ̀ ẹ̀ẹ̀mẹ́wàá ló ti ka ìwé náà rí.

"Ọmọ adìẹ ni," Onígíláàsì ní. "Ó ń tẹ̀ lé ìyá rẹ̀ látìgbà yí, ìyá ò mọ̀. Àmọ́ kì í jáde." Ó fi imú kan ojú-ewé kọkànlá. "Níbí, adìẹ ń bọ̀ wá sílé, ọrùn rẹ̀ ti ń yí padà. Níbí, ó ti sùn, abẹ́ apá rẹ̀ sì wú. Ọ̀rọ̀ ti ṣẹlẹ̀ láàárín." Ó gbójú sókè. "Ojú-ewé ti sọ nù. Ta ló mú un?"

Ooru bo Olóòtú láti àtẹ́lẹsẹ̀. Ó rántí báyìí. Oṣù mẹ́ta sẹ́yìn, àwọn atẹ̀wé pè é lórí fóònù pé ojú-ewé méjìlá ni ẹ̀rọ àwọn lè ṣe, mẹ́rìnlá ló sì wà nínú ìwé. Oúnjẹ ọ̀sán wà lẹ́nu rẹ̀. Ó ní kí wọ́n yọ méjì kan nítòsí ìparí, èyí tí adìẹ yíjú padà, tí ọmọ adìẹ kan bẹ́ jáde. Lójú rẹ̀ nígbà yẹn, àsọdùn ni.

Ó na ọwọ́ sókè bí ọmọléèwé. "Èmi ni."

"Háà!" gbogbo ọmọ ní lẹ́ẹ̀kan náà.

"Ẹ dákun, mi ò mọ̀ pé..."

"Ẹ ti sọ ọmọ ọlọ́mọ nù," ọmọ ọdún méje yẹn ní, ojú rẹ̀ le.

Onígíláàsì pe àwọn àgbà ọmọ jọ, wọ́n gbìmọ̀ lẹ́bàá fèrèsé. Ó padà wá gbé ìdájọ́ kalẹ̀: ojú-ewé tí Olóòtú yọ, kó fi ara rẹ̀ ṣe é níṣojú gbogbo ayé.

"Èmi? Pẹ̀lú aṣọ iṣẹ́ yìí?"

"Ṣe é!" Ìjọba ní, ọ̀rọ̀ sì parí.

Ọ̀gá ò dúró kí ẹnikẹ́ni yàn án. Ó ti ki ọwọ́ méjèèjì bọ abíyá, ó ti na ìdí sẹ́yìn, ó ń ṣa ilẹ̀ bí ẹni pé ohun tó wá sáyé wá ṣe nìyẹn. Olóòtú wọ ẹ̀yìn pẹpẹ, ó ká ṣòkòtò sókè, ó ń yọ́ tẹ̀ lé e.

"Ta ló ń tẹ̀ lé mi?" Ọ̀gá ké pẹ̀lú ohùn adìẹ.

"Ẹ̀yìn yín! Ẹ̀yìn yín!"

Ó yí sápá ọ̀tún, Olóòtú sá sápá òsì. Ó yí sósì, Olóòtú sá sọ́tùn-ún. Àwọn ọmọ ń yí nílẹ̀. Nígbà tí kò gbà mọ́, Olóòtú fò jáde, ó na apá méjèèjì, ó sì ké "PÍYO!" tó bẹ́ẹ̀ tí ọkùnrin kan tó ń kọjá lójú pópó fi yọjú lójú fèrèsé. Ọ̀gá fò sókè, ó wó lulẹ̀ tìyẹ́tìyẹ́, ó sì fi apá bò ó bí abiyamọ.

"Ẹ tún un ṣe!" ni ariwo tó sọ.

Ẹ̀ẹ̀mẹ́sàn-án ni wọ́n tún un ṣe. Obìnrin tó ń tọ́jú ilé-ìkàwé, tí ogún ọdún iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ "ẹ dákẹ́, ẹ dákẹ́," gbé orí lé tábìlì, ẹ̀rín ń gbọn èjìká rẹ̀. Nígbà tó di ẹ̀ẹ̀kẹwàá, Ìjọba lé Olóòtú kúrò, ó ní òun ni ọmọ adìẹ.

Olóòtú lọ bá màmá lórí àtẹ̀gùn ìta, irun rẹ̀ ti tú. Màmá ń fi ìṣẹ́tí aṣọ nu ojú, òsúkè ẹ̀rín ò jẹ́ kó sọ̀rọ̀.

"Màmá, ẹ má bínú. Ó yẹ kí n sọ fún yín pé mo gé e."

"Ṣé o rò pé mi ò mọ̀ ni? Àwọn atẹ̀wé fi ẹ̀dà àyẹ̀wò rẹ̀ ránṣẹ́ sí mi kí wọ́n tó tẹ̀ ẹ́. Ọjọ́ yẹn ni mo ti rí i pé o ti sọ ọmọ adìẹ mi dọmọ òrukàn."

"Ẹ sì dákẹ́?"

"Mo ní kí n máa wò ọ́, kí n mọ ọjọ́ tí o máa ka ẹsẹ̀. O ò kà á. Ọmọ tí ò tíì kúrò lọ́mú ló kà á." Òsúkè tún gbé e.

"Èmi rò pé ojú yín ni! Ère tí ẹ kí lọ́jọ́sí ńkọ́?"

"Ó jọ àbúrò bàbá rẹ. Ìyẹn náà kì í dáhùn."

Wọ́n rẹ́rìn-ín títí tí wọ́n fi jókòó sórí àtẹ̀gùn, wọ́n fara ti ara wọn. Láti inú ilé, igbe "Píyo!" ń jáde, Ọ̀gá sì ń wó lulẹ̀ lọ́tun.

Nígbà tí wọ́n máa tún ìwé náà tẹ̀, wọ́n wá atẹ̀wé mìíràn tó lè ṣe ojú-ewé mẹ́rìnlá, ọmọ adìẹ sì padà sílé. Màmá ti ya ìwé kejì tán. Kó tó fi han ẹnikẹ́ni nílé-iṣẹ́, Onígíláàsì ló kọ́kọ́ fún. Ọjọ́ méjì lẹ́yìn náà, ọmọ náà dá a padà, ó fi pépà kan há inú rẹ̀, ìbéèrè méje ló wà níbẹ̀, ó sì kọ "ẹ jọ̀ọ́ mà" síwájú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Màmá kà á lókè, nílé-iṣẹ́, níwájú Olóòtú àti Ọ̀gá, ó ká pépà náà, ó fi sínú báàgì.

"Ọpẹ́ o," ó ní. "A ti rí olóòtú."