Àmì Kan Lórí Igbó Ogún

Nígbà tí Ìyáàfin Motọ́lání Èṣùbíyì fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ilé-ìkàwé ní Benin, àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ rò pé yóò jókòó sinmi. Kò jókòó. Ó dá ìwé-ìmọ̀ kan sílẹ̀ lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, ó yà á sọ́tọ̀ fún ìtàn àti àṣà ilẹ̀ Àkókó, nítorí pé ó ti pẹ́ tó ti ń wá Ìlóyè, ìlú rẹ̀, nínú ìwé àwọn ẹlòmíràn tí kò rí i. Láti ọdún 2008 ló ti ń kọ ọ́, tó ń tún un kọ, tó sì ń fi àmì ohùn sórí ọ̀rọ̀ bí ìyá tó ń di irun ọmọ: kò sí èyí tí yóò fò. Ó máa ń sọ pé ẹni tó bá kọ Yorùbá láìfi àmì sí i, ọbẹ̀ tí kò níyọ̀ ló gbé síwájú àlejò.

Òfin kan ṣoṣo ló ṣe fún àwọn tó fún láyè láti bá a kọ ọ́: ohun tí kò bá sí nínú ìwé tí a tẹ̀, kò gbọdọ̀ wọ ibẹ̀. Kò ṣẹ̀yìn ohun tí ojú rẹ̀ rí. Láàárín oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́, bàbá ńlá èèyàn mẹ́tàdínlógún ló ti pa erin lójú ewé rẹ̀.

Bẹ́ẹ̀, òun fúnra rẹ̀ ló kọ́kọ́ rú òfin náà. Ní ọdún 2009, ó fẹ́ kọ nípa igbó kan tó wà lẹ́yìn Ìlóyè, ó sì ránṣẹ́ béèrè orúkọ igbó náà lọ́wọ́ Màmá Títíloyè, àgbà obìnrin Ìlóyè tó ń ta abọ́ àti ìkòkò ní ọjà Ekiosa ní Benin. Màmá kò mọ̀wé. Obìnrin tó pàtẹ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ló bá a fi fóònù tẹ èsì ránṣẹ́: "Igbo Ogun ni won n pe e." Kò sí àmì kankan lórí rẹ̀. Motọ́lání wò ó, ó rí ogun. Kò bi ẹnikẹ́ni. Ó kọ ọ́ pé ó ṣeé ṣe kí ogun kan ti jà níbẹ̀ láyé àtijọ́.

Àwọn òǹkàwé gbé ogun náà lọ, wọ́n fi "ó ṣeé ṣe" sílẹ̀ fún un. Nígbà tí ọdún 2012 fi máa wọlé, Ẹgbẹ́ Ọmọ Ìlóyè ní Benin ti tẹ ogun náà sínú kàlẹ́ńdà, tòun ti orúkọ balógun tó ṣíwájú rẹ̀. Bàbá ńlá Akíntúndé ni balógun náà, ìyẹn Akíntúndé akọ̀wé ẹgbẹ́, òṣìṣẹ́ báǹkì tí kò sí ohun tí kì í fi sí fáìlì, tó sì wà lára àwọn tó ń bá Motọ́lání kọ ìwé-ìmọ̀ náà.

Kàlẹ́ńdà náà dé Ekiosa. Màmá Títíloyè ní kí wọ́n ka á sí òun létí, lẹ́yìn náà ó ránṣẹ́ pe Motọ́lání.

"Motọ́lání, ta ló jagun?"

"Níbo, Màmá?"

"Nínú igbó wa. Wọ́n ní àwọn èèyàn kú lọ bẹẹrẹ níbẹ̀. Èmi tí wọ́n bí sí etí igbó náà, mi ò gbọ́ ariwo." Ó gbé abọ́ tánganran kan, ó nù ún, ó gbé e kalẹ̀. "Igbó Ogún ni mo ní kí wọ́n kọ sí ọ. Ogún tí bàbá fi sílẹ̀ fún ọmọ. Ọmọ mẹ́ta ló pín in, ọkùnrin méjì, obìnrin kan. Ọláfúnkẹ́ ni obìnrin yẹn, òun ló bí ìyá mi. Wọ́n fi okùn wọn tirẹ̀ fún un, ó dọ́gba pẹ̀lú ti àwọn ọkùnrin, gbogbo ìlú sì dúró wò ó. Ohun tí igbó náà fi lórúkọ nìyẹn. Tí ẹ bá wá sọ ọ́ di ojú ogun, níbo lẹ sin ìyá mi àgbà sí?"

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́."

"Wọ́n tún ní àwọn á kan pátákó mọ́ ẹnu igbó náà tí wọ́n bá lọ sílé ní Ọdún Àjíǹde. Bí pátákó bá ti sọ tirẹ̀, ta ni yóò tún gbọ́ tèmi?"

Ojú ti Motọ́lání, bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ẹni tí ojú máa ń tì. Àmì kan péré, àmì tó fi ń fọ́nnu fún gbogbo ayé, ni kò fi sórí ọ̀rọ̀, ìpín odidi obìnrin kan sì ti bá a lọ.

Ó délé, ó tún ojú ewé náà kọ. Kí omi tíì rẹ̀ tó hó, Akíntúndé ti dá a padà sí ogun. Ó tún un ṣe; Akíntúndé tún dá a padà. Lẹ́ẹ̀kẹta, akọ̀wé kọ ẹ̀rí rẹ̀ sí abẹ́ ewé náà: "Ẹ wo kàlẹ́ńdà ẹgbẹ́." Motọ́lání ṣí kàlẹ́ńdà, ó wo ìsàlẹ̀ pátápátá, níbi tí wọ́n kọ ibi tí wọ́n ti rí ìtàn náà sí. Ìwé-ìmọ̀ tirẹ̀ ni. Ejò ti gbé ìrù ara rẹ̀ mì, ó ń sọ pé òun yó.

Ó pè é lórí fóònù.

"Akíntúndé, èmi ni mo kọ ọ́. Èmi náà ni mo ń sọ pé mo ṣì í kọ."

"Mo gbọ́ yín, Mà. Ṣùgbọ́n ẹ wo òfin yín. Ìwé tí a tẹ̀ lẹ ní ká máa mú wá. A tẹ kàlẹ́ńdà. Ṣé wọ́n tẹ Màmá Títíloyè ni?"

"Màmá Títíloyè ti lé ní ọgọ́rin ọdún."

"Kí Olúwa túbọ̀ dá wọn sí fún wa, Mà."

"Ogún ni, kì í ṣe ogun."

"Ogún wo, Mà? Ṣé ogún, ọgbọ̀n, ogójì?" Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀. "Ẹ̀yin náà lẹ kọ́ wa pé ká má máa gba ọ̀rọ̀ ẹnu wọlé."

Motọ́lání lè ti ojú ewé náà pa. Òun ló ni kọ́kọ́rọ́. Ṣùgbọ́n bó bá tì í láìní ìwé lọ́wọ́, kí ni yóò sọ fún àwọn bàbá ńlá mẹ́tàdínlógún tó lé jáde pẹ̀lú erin wọn? Ó bínú sí Akíntúndé, ó bínú sí òfin, ó wá bínú sí obìnrin tó ṣe òfin. Lẹ́yìn náà ó mú báírò. Bó bá jẹ́ ohun tí a tẹ̀ ni wọ́n ń fẹ́, a óò tẹ̀ ẹ́ fún wọn.

Òwúrọ̀ mẹ́ta ló fi jókòó láàárín ìkòkò ní Ekiosa, tó ń kọ ọ̀rọ̀ Màmá sílẹ̀ bó ṣe ń tẹnu rẹ̀ jáde. Ó gbé e lọ fún Dọ̀tun, atẹ̀wé ní Uselu, ọmọ Yorùbá tí wọ́n bí sí Benin, tó ń gbọ́ èdè náà yékéyéké ṣùgbọ́n tí kì í fi í dáhùn. Ó fi ìka tọ́ka sí àwọn àmì fún un lẹ́ẹ̀mejì.

"No wahala, Mummy," ni Dọ̀tun wí.

Ní ọjọ́ Àbámẹ́tà ó lọ gbà á. Ọgọ́rùn-ún ìwé pẹlẹbẹ, ó mọ́, ó ń dán. Lójú èèpo rẹ̀ ni wọ́n kọ ọ́ sí gàdàgbà-gadagba: IGBO OGUN.

"Dọ̀tun, àwọn àmì dà?"

"Which àmì?"

"Èyí tó wà lórí ọ̀rọ̀."

"Ah, those ones. Machine dey turn am to box, Mummy. Na so so box full everywhere. I come comot all of dem make e fine."

"Ìwọ kò wá mọ̀ pé ogun àti ogún kì í ṣe ọ̀kan náà?"

"I sabi now. But who go read am wey no go know which one you mean?"

Motọ́lání mọ ẹni náà. Òun fúnra rẹ̀ ni.

Ọjọ́ kejì, lẹ́yìn ìsìn, ni ìpàdé ẹgbẹ́, lójú ọ̀nà Ekenwan. Pátákó yóò sì gbéra lọ sílé ní ọjọ́ Ajé. Kò sí àyè láti tún un tẹ̀. Ó kó àwọn ìwé náà sínú kẹ̀kẹ́ Màrúwá, ó gbé wọn lọ sí Ekiosa, ó jókòó ti páálí abọ́ kan, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi báírò fi àmì sí orí U, lọ́kọ̀ọ̀kan.

Màmá Títíloyè wò ó títí.

"Kí lò ń fà síbẹ̀?"

"Àmì ni, Màmá. Bí kò bá sí níbẹ̀, ogun ni. Bó bá wà níbẹ̀, ogún ni."

"Ìlà kékeré yẹn?"

"Òun ni."

"Òun ni ìpín ìyá mi àgbà?"

"Òun ni, Màmá."

Àgbà náà sún mọ́ ọn. "Kí ló wá dé tó o fi ń fà á bí ẹni tó ń rìn lórí ẹyin? Tẹ̀ ẹ́. Tẹ̀ ẹ́ dáadáa."

Motọ́lání tẹ̀ ẹ́. Báírò méjì ló gbẹ mọ́ ọn lọ́wọ́.

Ní ìpàdé, Akíntúndé gba ìwé, ó wo èèpo rẹ̀, ó gbé e súnmọ́ ojú.

"Mà, ogun ni wọ́n tẹ̀ síbí. Ní ti àmì yìí, báírò ni. Báírò kì í ṣe ìtẹ̀wé."

Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Motọ́lání dìde, kò kánjú.

"Ṣí èèpo yẹn, kí o yí i sẹ́yìn."

Akíntúndé yí i.

"Fi ìka kàn án."

Ó fi ìka kàn án. Lẹ́yìn èèpo náà, ìlà kékeré ti yọ, ó le bí etí owó.

"Ṣé a tẹ̀ ẹ́ àbí a kò tẹ̀ ẹ́?"

"Akọ̀wé, dá wọn lóhùn," ni ẹnìkan wí láti ẹ̀yìn. Akíntúndé ṣí fáìlì rẹ̀. Ó rọra fi ìwé náà sáàárín àwọn ìwé yòókù.

"Ìgbìmọ̀ yóò gbé e yẹ̀ wò, Mà."

"Pátákó ńkọ́?"

"Wọ́n ti kùn ún tán, Mà. Ọ̀dà ti gbẹ." Ó wo ilẹ̀, ó wo òkè. "Ṣùgbọ́n àyè ṣì wà lórí U."

Motọ́lání ṣí báàgì rẹ̀, ó fẹ́ mú báírò, ó rántí pé méjèèjì ti gbẹ. Ó pa á dé.

"Ọ̀dà aláwọ̀ wo ni?" ó béèrè.