Irun Dàda Lórí Àpá Mi

Ìyá wa jókòó lórí àpótí ní ẹ̀yìnkùlé, ó ń fi àdín àgbọn pa òòyà. Ó ti kú tipẹ́, kò sì sí ẹni tó bi í pé báwo ló ṣe dé ibẹ̀. Aṣọ tí a fi sin ín ló wà lọ́rùn rẹ̀, ó ká ọwọ́ aṣọ náà sókè kí àdín má baà ta sí i. Ó ní orí ẹnì kan ṣoṣo lòun máa dì kóun tó padà, nítorí pé ọkọ̀ ń dúró de òun. Mo wo ẹ̀yìn rẹ̀. Lóòótọ́, ọkọ̀ ojú omi kan dúró lórí koríko, awakọ̀ rẹ̀ sì ń jẹ gúgúrú.

Dàda, àbúrò mi obìnrin, ti bọ́ sáàárín ẹsẹ̀ rẹ̀ kí n tó dé. Bó ṣe máa ń ṣe nìyẹn, àfi kó ṣáájú mi. Irun tí wọ́n fá lórí rẹ̀ nígbà tó fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ilé ìwé ti padà, ó ta kókó, ó wúwo, ó gùn dé ìdí rẹ̀. Àwọn owó ẹyọ tí wọ́n so mọ́ ọn ń sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́ láàárín ara wọn. Mo gbọ́ tí wọ́n dárúkọ mi, tí wọ́n sì rẹ́rìn-ín.

Mi ò ní parọ́, ìlara ló mú mi. Ó ti mú mi láti ọjọ́ tí wọ́n ti gbé e wọlé pẹ̀lú irun tí ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ ki òòyà bọ̀. Ẹni tó bá fẹ́ fọwọ́ kàn án gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fún un ní ẹ̀bùn. Ní tèmi, ẹni tó bá ṣáà ti rí òòyà nílẹ̀ ló ń fà mí sáàárín ẹsẹ̀, bí ẹni pé gbogbo àdúgbò ló jọ ni orí mi.

Àpá mi wà ní àtàrí gan-an. Ó fẹ̀ tó àtẹ́lẹwọ́ ọmọdé, ó ń dán, irun kankan kì í hù níbẹ̀. Ọjọ́ tí wọ́n fá irun Dàda ni mo gbà á. Wọ́n se ẹ̀wà, wọ́n dín àkàrà, wọ́n gé ìrèké fún gbogbo ọmọ àdúgbò. Ìyá wa gbé ìyarun irin lé iná, ó ń fi na irun mi, kí èmi náà lè jọ èèyàn láàárín wọn. Bí abẹ ṣe kan orí Dàda ni àwọn èèyàn hó, ìyá wa sì yíjú wò ó. Irin náà dúró lórí mi ní gbogbo ìgbà tó fi ń wò ó.

Ṣùkú nìkan ni ìyá wa máa ń dì. Gbogbo ìlà ṣùkú gbọ́dọ̀ gòkè wá pàdé ní àtàrí, níbẹ̀ ni wọ́n ti ń so ó. Tí kò bá sí irun ní àtàrí mi, kò sí ohun tó máa so. Mo mọ̀ pé mo gbọ́dọ̀ wá irun kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í la ti Dàda, mo sì wọ ilé ìdáná lọ.

Ilé ìdáná ti di yàrá dókítà. Dókítà náà wọ ẹ̀wù funfun, ó ń fi ohun èlò tí wọ́n fi ń gbọ́ àyà aláìsàn gbọ́ ìkòkò ẹ̀wà. Ó ní kí n tẹ orí ba. Ó fi àtàǹpàkò tẹ àpá náà, ó bi mí pé ìgbà wo ló ti jó mi kẹ́yìn.

"Ó ṣì ń jó mi," ni mo wí.

"Ti inú nìyẹn, màdáàmù. Ti orí ni mò ń bi yín."

Àwọn irinṣẹ́ rẹ̀ sọ̀rọ̀ lórí tábìlì. Abẹ́rẹ́ ní òun lè pa iná àpá tó bá ṣì ń ràn, pé àpá tèmi ti tutù tipẹ́, òun ò rí iṣẹ́ ṣe níbẹ̀. Ó padà sùn. Ọ̀bẹ àti òwú ní àwọn lè gé àpá náà kúrò, kí àwọn sì rán etí rẹ̀ méjèèjì pọ̀, ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n wọ̀n ọ́n, wọ́n rí i pé ó ti fẹ̀ jù, awọ kò ní pàdé. Balúùn kékeré kan ní kí wọ́n tẹ́ òun sábẹ́ awọ tó ní irun, kí wọ́n máa bu omi iyọ̀ sínú òun díẹ̀díẹ̀, títí awọ náà yóò fi na, tí yóò sì tó bo ojú àpá. Mo bi í pé títí dìgbà wo. Ó ní oṣù mélòó kan. Mo yọjú lójú fèrèsé, mo rí i pé ìyá wa ti ń fi àdín pa kókó irun Dàda. Wíìgì tó wà lórí fìtílà ní gbogbo wa la máa ń padà wá sọ́dọ̀ òun nígbẹ̀yìn. Mo kọ̀ ọ́, nítorí pé ìyá wa máa ki ọwọ́ bọ abẹ́ rẹ̀ ni.

Dókítà ní ó ku gbígbìn. Wọ́n á ti ẹ̀yìn orí mi tu irun pẹ̀lú gbòǹgbò, wọ́n á kọ́kọ́ gbin díẹ̀ lójú àpá, wọ́n á wò ó bóyá ẹ̀jẹ̀ ibẹ̀ tó láti bọ́ ọ. Ó yí orí mi síbí, ó yí i sọ́hùn-ún. Ó ní irun ẹ̀yìn orí mi kò tó nǹkan.

Mo bi í nípa irun ẹlòmíràn.

"Ara kì í gba irun àlejò," ló wí. "Tó bá tiẹ̀ gbà á, orúkọ olówó rẹ̀ ló máa jẹ́."

Nígbà tí mo jáde, ìyá wa ti lọ bẹ awakọ̀ pé kó ṣe sùúrù. Dàda tẹ orí ba, ó ń tòògbé. Mo ki ìka bọ àtàrí rẹ̀, mo tu irun ibẹ̀ bí wọ́n ṣe ń tu ẹ̀fọ́ lórí ilẹ̀ tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ rọ̀ sí. Kò ṣẹ̀jẹ̀. Ó la ojú, ó wò mí.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé ó ti tó yín?"

Mo ní kò tíì tó. Ó tún tẹ orí ba sí i kí ọwọ́ mi lè dé ibẹ̀ dáadáa.

Mo kó o wọ ilé ìdáná, Dàda tẹ̀lé mi, dókítà sì gbìn ín tòun ti owó ẹyọ. Àpá mi mu ún bí ilẹ̀ gbígbẹ ṣe ń mu omi, irun náà sì dúró. Àwọn owó ẹyọ panu mọ́. Dígí tó wà lára ògiri kí mi pé, "Dàda, olówó ẹyọ," inú mi sì dùn débi pé mo jẹ́ ẹ. Mo sáré jáde lọ jókòó sáàárín ẹsẹ̀ ìyá wa.

Ó kọ́kọ́ bu àgbọn fún mi kó tó fọwọ́ kàn mí. Ẹnikẹ́ni kò fún mi ní nǹkan nítorí orí mi rí. Mo jẹ ẹ́ díẹ̀díẹ̀ kó má baà tètè tán. Ó la irun náà pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, kò dùn mí rárá. Mo gbé ẹ̀rẹ̀kẹ́ lé eékún rẹ̀, mò ń rò ó lọ́kàn pé ohun tí Dàda ti ń jẹ nìyí láti kékeré, òun nìkan.

"Dàda," ló wí, "ẹ̀gbọ́n rẹ dà?"

"Kò sí nílé, màámi." Ohùn Dàda ló jáde lẹ́nu mi.

"Àwẹ̀ró ni mo bá wá o. Gbogbo èèyàn ló ti gẹ ìwọ. Àpá orí Àwẹ̀ró ni mo fẹ́ rí."

Èmi ni Àwẹ̀ró. Mo la ẹnu láti sọ bẹ́ẹ̀, irun náà sì wọ́ wá síwájú, ó bo ẹnu mi. Ìgbà yẹn ni Dàda jáde láti ilé ìdáná, àtàrí rẹ̀ pá, ó ń dán. Ìyá wa fi orí mi sílẹ̀ láàbọ̀, ó dìde láìwọ bàtà, ó lọ bá a. Ó fà á jókòó. Kò mú òòyà rárá. Ó gbé àtẹ́lẹwọ́ lé ibi tó pá náà, ó sì gbé e síbẹ̀ pẹ́.

"Àwẹ̀ró, mo yíjú," ló wí fún un. "Ọwọ́ mi wà lórí rẹ, mo wá yíjú. Má bínú sí mi."

Láti kékeré ni mo ti ń retí ọ̀rọ̀ yẹn. Dàda wò mí láti abẹ́ apá ìyá wa. Kò sọ pé òun kọ́ ni Àwẹ̀ró.

"Mo ti gbọ́, màámi," ló wí.

Ìyá wa bẹ̀rẹ̀, ó ń fi ẹnu fẹ́ atẹ́gùn sí ibẹ̀, bí wọ́n ṣe ń fẹ́ ẹ fún ọmọ tí iná ṣẹ̀ṣẹ̀ jó. Mo fi ọwọ́ méjèèjì di irun orí mi mú, mo fà á. Kò tu.