Ta Ló Kàn Lọ́dọ̀ Dókítà?

Ẹni tó bá fẹ́ mọ bí ara ọmọ Yorùbá ṣe rí gan-an, kó má béèrè lọ́wọ́ ẹ̀. Iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ni mò ń ṣe ní ẹ̀ka pàjáwìrì ọsibítù kan ní Houston, mo sì ti rí èèyàn wa tí wọ́n gbé wọlé lórí bẹ́ẹ̀dì, tí mo bi í pé báwo ni ara, tó ní a dúpẹ́. Ó máa ń bí mi nínú. Kí ló ń dúpẹ́ fún?

Lọ́jọ́ Sátidé tí mò ń sọ yìí, ṣọ́ọ̀ṣì wa ní Fondren ṣètò àyẹ̀wò ìlera ọ̀fẹ́. Ìdí tábìlì ẹnu ọ̀nà ni wọ́n fi èmi sí, kí n máa wo ẹ̀jẹ̀ ríru, kí n sì máa darí àwọn tó wá sọ́dọ̀ dókítà. Dókítà méjì ló yẹ kó wá. Ọ̀kan há sínú sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ ọkọ̀ lórí freeway. Olúwatọ́mi nìkan, tó ń bọ̀ láti Sugar Land, ló ráyè dé, ó sì ti wà nínú yàrá ẹ̀yìn. Gbọ̀ngán ti kún. Mi ò lè fìdí lélẹ̀. Mo dìde, mo jókòó, mo tún dìde, mo ń wo ẹnu ọ̀nà bóyá dókítà kejì á yọ.

Díákónì Olúṣínà ni alága ètò náà. Èèyàn dáadáa ni, ṣùgbọ́n báńkì ló ti ń ṣiṣẹ́, kò mọ abẹ́rẹ́ yàtọ̀ sí èyí tí wọ́n bá gún un. Òun ló to àga. Iwájú jẹ́ ti àwọn ìyá ìjọ àtàwọn àgbà, àwọn díákónì tẹ̀ lé wọn, àwọn òṣìṣẹ́ ìjọ tẹ̀ lé ìyẹn, àwọn yòókù wà lẹ́yìn. Bí àga bá ṣe tò ni wọ́n á ṣe máa wọlé.

Mo ní, "Díákónì, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mú àwọn tí ara wọn ò yá jù."

Ó rẹ́rìn-ín. "Sister Èyítáyọ̀, ibí kì í ṣe emergency room o. Check-up lásán ni. Ṣé ẹ fẹ́ kí àwọn ọmọdé máa kọjá lójú Màmá Adébùnmí ni?"

Ibi tó ti wá pa mí lẹ́rìn-ín ni pé ọkọ mi ni wọ́n ní kó bá wọn sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ náà, kí dídúró má baà sú àwọn tó wá. Láyíwọlá ń kọ́ àwọn ọmọ kọ́lẹ́ẹ̀jì ní ìtàn, àwọn dókítà ogun Faransé àtijọ́ ló sì gbà á lọ́kàn. Tá a bá ń jẹun, ọ̀rọ̀ wọn ni. Tá a bá ń wakọ̀ lọ ra iṣu ní Sharpstown, ọ̀rọ̀ wọn ni. Mo ti mọ̀ wọ́n ju àwọn àna mi lọ.

Ó dìde, ó bẹ̀rẹ̀. Ó ní nígbà tí àwọn ará Faransé lé ọba wọn kúrò, tí àwọn ọba yòókù gbógun tì wọ́n, ọmọ ogun tó bá fara gbọgbẹ́ á wà nílẹ̀ títí ìjà á fi parí. Oníṣẹ́ abẹ kan ló wá ní kí kẹ̀kẹ́ ẹṣin tó fúyẹ́ máa wọ ojú ogun lọ gbé wọn. Tí wọ́n bá sì gbé wọn dé, kò sẹ́ni tó ń béèrè ta ni ọ̀gágun, ta ni ọmọ ogun lásán. Ẹni tí ọgbẹ́ ẹ̀ bá burú jù ni wọ́n ń kọ́kọ́ tọ́jú. Ó ní àwọn tó ń dí dókítà lọ́wọ́ ni àwọn aláṣẹ ìjọba tí ilé ìwòsàn wà níkàáwọ́ wọn, tí wọn ò sì mọ nǹkan kan nípa ìtọ́jú.

Mo wo Díákónì. Díákónì ń pàtẹ́wọ́.

Ìgbà tí mo máa wo Láyíwọlá padà, ó ti dákẹ́ láàárín ọ̀rọ̀. Gbọ̀ngán yẹn tútù débi pé àwọn ìyá ti fi ìborùn bora, òun ń làágùn. Ó ní ẹ ṣeun, ó jókòó. Ó tún dìde, ó lọ sídìí fèrèsé, ó padà wá jókòó. Ó ń fọwọ́ ra apá òsì, ó ń fọwọ́ ra ẹ̀rẹ̀kẹ́.

Mo sáré lọ bá a. "Daddy Tìmí, kí ló ń ṣe yín?"

"A dúpẹ́. Gáàsì ni. Èbà àná ni."

"Ṣé àyà ń dùn yín?"

"Mo ní a dúpẹ́ nù un."

Mo di ọrùn ọwọ́ ẹ̀ mú. Ẹ̀jẹ̀ ń sáré níbẹ̀, kò lọ déédéé. Mo ní kó dìde ká lọ bá Olúwatọ́mi lójú ẹsẹ̀. Díákónì ti dé ọ̀dọ̀ wa.

"Sister, Màmá ló kàn. Tí ẹ bá gbé ọkọ yín síwájú, kí ni ìjọ máa sọ?"

Mo mọ ohun tí wọ́n máa sọ. Ojú gbogbo gbọ̀ngán ti wà lára mi. Ṣùgbọ́n ọkọ mi gan-an ló bí mi nínú jù. Ọkùnrin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ̀rọ̀ ọgbẹ́ àti ipò tán, òun ló ń tẹrí ba fún àga iwájú. "Rárá o. Mi ò lè kọjá lójú Màmá. Màá dúró." Ojú ẹ̀ ti rí bí eérú. Ẹ̀rù bà mí débi pé ó ń ṣe mí bíi kí n gbá a létí.

Màmá Adébùnmí ni àgbà jù lọ nínú ìjọ wa. Wọ́n ti di ọ̀pá wọn mú, wọ́n ti dìde láti wọlé. Wọ́n dúró, wọ́n wo ọkọ mi láti orí dé ẹsẹ̀.

"Olúṣínà, ta ló kàn?"

"Ẹ̀yin ni, mà."

"Ipò mi ni, àbí?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

"Mo ti gbé e fún Láyíwọlá."

Láyíwọlá fẹ́ dọ̀bálẹ̀. "Ẹ má bínú, mà. Mi ò lè..."

"Ṣé èmi ń sọ̀rọ̀, ìwọ náà ń sọ̀rọ̀? Mo ní kó o wọlé. Tó o bá kọ̀, o rí mi fín lójú gbogbo ìjọ."

Ó wọlé. Kí ló tún fẹ́ ṣe? Gbogbo Faransé tó mọ̀ kò gbé e kúrò lórí àga yẹn, ohùn Màmá ló gbé e.

Olúwatọ́mi lẹ ẹ̀rọ tó ń yẹ ọkàn wò mọ́ ọn láyà, ó wo bébà tó jáde níbẹ̀, ó sì wojú mi. Ó fún un ní asipirín pé kó rún un lẹ́nu, ó ní kí n pe ambulance. Nígbà tí wọ́n dé, Díákónì fúnra ẹ̀ ló ń ti àwọn àga iwájú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan kí bẹ́ẹ̀dì lè ríbi kọjá. Omi wà lójú ẹ̀. Ìbínú mi sí i rọ̀ díẹ̀.

Nínú ọkọ̀, obìnrin tó ń tọ́jú ẹ̀ bi í pé, "Sir, how are you feeling?" Láyíwọlá yanu. Mo mọ ohun tó fẹ́ jáde.

Mo ní, "Láyíwọlá, kẹ̀kẹ́ àwọn Faransé rẹ lo dùbúlẹ̀ sí yìí. Jọ̀ọ́, fi ọgbẹ́ náà hàn wọ́n."

Ó pa ẹnu dé. Ọwọ́ ẹ̀ ń wá ọwọ́ mi kiri lórí aṣọ bẹ́ẹ̀dì, mo sì dì í mú.

"Ó ń dùn mí," ó ní. "Láti àárọ̀ ló ti ń dùn mí. Ẹ̀rù ń bà mí, Táyọ̀."

Mo túmọ̀ ẹ̀ fún obìnrin náà. Látìgbà tá a ti fẹ́ra, ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí mo béèrè ara ọkọ mi, tó dá mi lóhùn.