Ọjọ́ Mẹ́tàlá

Bí ẹ bá ń wá ẹni tí kì í fẹ́ gbọ́ ẹ̀kọ́, ẹ wá olùkọ́. Ní àárọ̀ Sátidé kan nínú oṣù Kọkànlá, olùkọ́ ìtàn mẹ́rìnlá jókòó sínú iyàrá kan ní ilé-ìwé Korpijoki, ní ilẹ̀ Finland, ojú wọn le koko, nítorí wọ́n ní kí wọ́n wá gba ìdánilẹ́kọ̀ọ́ lọ́jọ́ tó yẹ kí wọ́n wà nílé. Ọ̀kan ń máàkì iṣẹ́ ọmọléèwé lábẹ́ tábìlì. Òmíràn jókòó sẹ́nu ọ̀nà kó lè tètè sá lọ. Ohun tí wọ́n bá ọmọléèwé wí lé lórí lọ́jọ́ Ẹtì, òun náà ni wọ́n ń ṣe yìí.

Tuire Lehtoaho nìkan ni inú rẹ̀ dùn. Lẹ́yìn kọfí, òun ni yóò dúró níwájú, tí yóò fi ìwé kan han àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ pé báyìí ni a ṣe ń fi ìwé àtijọ́ kọ́ ọmọ. Ọdún mọ́kànlá ló ti ń fi ìwé náà kọ́ni, kò sì sí ọmọ Korpijoki tí kò mọ̀ ọ́n.

Nígbà ogun abẹ́lé ọdún 1918, tí àwọn Pupa, ìyẹn àwọn òṣìṣẹ́ tó dìtẹ̀, àti àwọn Funfun tó wà lẹ́yìn ìjọba ń para wọn, wọ́n yìnbọn pa ọkùnrin tó ni ilé ọlọ Korpijoki lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀, lọ́jọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n oṣù Kìíní. Wọ́n ní Pupa kan tó ń jẹ́ Iivari Lehtoaho ló pa á. Nígbà tí àwọn Funfun borí, wọ́n yìnbọn pa Iivari náà láì dájọ́. Iivari yìí ló bí bàbá tó bí bàbá Tuire, láti ìgbà náà ni wọ́n sì ti ń pe ìdílé wọn ní ìdílé apànìyàn.

Ìwé Tuire yìí, ìwé ẹ̀rí pé ẹnì kan gba ìbọn, ló pa ọ̀rọ̀ náà rẹ́. Iivari fọwọ́ sí i pé òun gba ìbọn méjìlá ní àgọ́ àwọn ọmọ ogun Rọ́ṣíà, ní ìlú tó jìnnà tó ọgọ́ta kìlómítà. Ọjọ́ tí wọ́n kọ sí i ni ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n oṣù Kìíní. Ta ló lè wà níbi méjì lọ́jọ́ kan, nínú yìnyín, pẹ̀lú ẹṣin kan ṣoṣo? Nítorí ìwé yìí ni ìgbìmọ̀ ìlú ṣe fẹ́ gbé pátákó kan kalẹ̀ níwájú ilé ọlọ ní Ọjọ́bọ̀ tó ń bọ̀, tí yóò sọ pé Iivari kò mọwọ́ mẹsẹ̀ nínú ikú náà. Bàbá Tuire, ẹni ọdún mẹ́rìndínláàádọ́rùn-ún, ni yóò jókòó síwájú.

Henriikka, ọ̀dọ́bìnrin tó wá láti ilé ìpamọ́ ìwé, ló ṣáájú nínú ẹ̀kọ́ náà. Ó fi ẹ̀rọ tan ìwé kan, tó yàtọ̀ sí ti Tuire, sára ògiri.

"Ẹ má ka nǹkan kan," ó ní, "títí ẹ óò fi béèrè irú kàlẹ́ńdà tó wà lára ògiri ẹni tó kọ ọ́. Àgọ́ ọmọ ogun Rọ́ṣíà kan ní ilẹ̀ wa níbí ni ìwé yìí ti jáde. Ẹ ṣáà mọ̀ pé kàlẹ́ńdà àtijọ́ ni wọ́n ń lò títí di ìparí oṣù Kìíní ọdún 1918. Ọjọ́ mẹ́tàlá ló fi wà lẹ́yìn tiwa."

Tuire rántí ìwé tirẹ̀. Kì í ṣe pé kò mọ ọ̀rọ̀ kàlẹ́ńdà. Ọdọọdún ló ń sọ fún àwọn ọmọ pé inú oṣù Kọkànlá tiwa ni ìdìtẹ̀ oṣù Kẹwàá ti Rọ́ṣíà bọ́ sí, ó sì máa ń fi pa wọ́n lẹ́rìn-ín. Ó kàn jẹ́ pé kò ronú kan ìwé tirẹ̀ rí. Ohun tí a bá fẹ́ràn jù, a kì í yẹ ẹ̀yìn rẹ̀ wò.

Ó yọ ẹ̀dà ìwé náà jáde nínú àpò. Òǹtẹ̀ Rọ́ṣíà wà lábẹ́ rẹ̀ róbótó, bó ṣe wà níbẹ̀ láti ọdún mọ́kànlá. Ó fi mẹ́tàlá kún méjìdínlọ́gbọ̀n. Ọjọ́ kẹwàá oṣù Kejì ni Iivari gba ìbọn. Wọ́n ti sin onílé ọlọ nígbà yẹn.

Nígbà tí wọ́n lọ mu kọfí, Veijo Sarkola gbé ife méjì wá. Ilé-ìwé kan náà lòun àti Tuire ti ń kọ́ni láti ogún ọdún. Onílé ọlọ tí wọ́n pa ló bí bàbá tó bí ìyá Veijo.

"Gbà. Bí ará Finland ò bá mu kọfí, ká yáa pe dókítà."

"Ara mi ò yá, Veijo."

"Ojora ni. Ìwọ tí ẹnu ẹ kì í dákẹ́. Wò ó, Màmá ti ra òdòdó. Òun fúnra ẹ̀ ló fẹ́ ṣí aṣọ lójú pátákó yẹn."

Tẹlifóònù Tuire dún. Bàbá rẹ̀ ni. Ó jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀.

"Tuire, táì dúdú ni, àbí èyí tó ní ìlà búlúù tí màmá rẹ rà?"

"Bàbá, Ọjọ́bọ̀ ṣì jìnnà."

"Ọjọ́ orí mi yìí, ọ̀la gan-an jìnnà. Mo ti tẹ́ méjèèjì sórí àga."

"Ẹ jẹ́ ká sọ ọ́ tí mo bá dé."

Ẹ̀rù bà á, kí n má parọ́. Kò sí ẹni tó mọ̀ nínú gbogbo wọn. Bó bá ní orí ń fọ́ òun, tó wọ kóòtù rẹ̀ lọ sílé, Ọjọ́bọ̀ yóò dé, bàbá rẹ̀ yóò wọ táì, ọ̀rọ̀ yóò sì parí. Ó tilẹ̀ mú kóòtù náà lọ́wọ́. Nígbà náà ló rántí iye ọmọ tó ti gba òdo lọ́wọ́ rẹ̀ nítorí pé wọ́n fi ohun tí wọ́n fẹ́ gbọ́ ṣe ìdáhùn. Ó fi kóòtù kọ́ padà.

"Ó yá, Tuire," ni Henriikka wí. "Kọ́ wa."

Tuire gbé ìwé tirẹ̀ sára ògiri, ó sì ka ohun tó wà nínú rẹ̀ fún wọn láì fo ọ̀rọ̀ kankan. "Kí ni ká kọ́kọ́ wò?"

"Ọjọ́," ni ẹni tó wà lẹ́nu ọ̀nà wí.

"Ẹ wò ó. Kí ẹ sì wo òǹtẹ̀."

Ó ń wo ojú wọn. Ẹni tó ń máàkì gbé bírò sílẹ̀. Ètè Veijo ń mì díẹ̀díẹ̀, ó ń ka ọjọ́.

"Ọjọ́ kẹwàá oṣù Kejì ni," ni Tuire wí. "Ìwé yìí ò gba Iivari sílẹ̀. Ọdún mọ́kànlá ni mo ti ń fi kọ́ àwọn ọmọ pé ó gbà á. Wákàtí kan sẹ́yìn ni mo tó mọ̀."

"Ìwé náà ò sọ pé Iivari pa èèyàn náà," ni Henriikka yára wí. "Ó kàn sọ pé a ò mọ ibi tó wà lọ́jọ́ yẹn."

Veijo dìde. "Èmi ni mo ní kí Màmá fọwọ́ sí pátákó yẹn. Odindi ọ̀sẹ̀ kan ni ò bá mi sọ̀rọ̀ kó tó gbà."

"Mo mọ̀."

"O ò mọ̀." Ó mú kóòtù rẹ̀. Nígbà tó dé ẹ̀gbẹ́ Tuire, ó dúró. "O ò bá sì ti dákẹ́ o, kò sẹ́ni tí ìbá mọ̀."

"Ǹ bá ti dákẹ́."

Veijo wo ìwé ara ògiri náà. "Màá sọ fún Màmá. Ìwọ lọ sọ fún bàbá rẹ." Ó sì jáde.

Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a. Ẹni tó sọ bẹ́ẹ̀ kò sọ ohun tí a óò sọ nílé lọ́jọ́ náà.

Bàbá rẹ̀ wà nínú ilé ìdáná, táì méjèèjì lórí àga níwájú rẹ̀. Tuire kò tíì bọ́ bàtà tó fi sọ gbogbo rẹ̀: òǹtẹ̀, kàlẹ́ńdà, ọjọ́ mẹ́tàlá, pé òun yóò kọ̀wé sí ìgbìmọ̀ lọ́jọ́ Ajé. Omi ń bọ́ lójú rẹ̀. Bàbá náà fetí sílẹ̀ títí ó fi parí.

"Bàbá mi rí Iivari tó ń gbé ìbọn lọ sí ilé ọlọ láàárọ̀ ọjọ́ náà," ó wí nígbẹ̀yìn. "Ọmọ ọdún mẹ́jọ ni. Èmi nìkan ló sọ fún."

Tuire bọ́ bàtà rẹ̀, ó sì jókòó.

"Nígbà tí o wá mú ìwé dé, mo rò pé ìwé yóò mọ̀ jù ú lọ. Ọmọdé ṣáà ni nígbà yẹn." Ó mú táì onílà búlúù, ó ká a jẹ́jẹ́, ó sì nà án sí i. "Bá mi dá a padà sínú àpótí."